Rẹsísítọ̀ tó jó lẹ́ẹ̀mejì: àkọsílẹ̀ àtúnṣe búlówà hítà àti AC nínú pick-up ọdún 1998

Ọkọ̀ tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí jẹ́ pick-up ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ṣe ní ọdún 1998, tí ó ní ẹ́ńjìnnì sílíńdà mẹ́fà, tí ó sì ti rin máìlì tó lé ní 180,000 kí ó tó dé ọwọ́ mi. Òun ni mo fi ń kó pákó àti irinṣẹ́ lọ síbi iṣẹ́ káfíńtà ní Chicago. Ní ìlú yìí, hítà ọkọ̀ kì í ṣe ohun ìgbádùn lásán. Ẹni tó bá wà níbí ní ọjọ́ 30 oṣù kìíní ọdún 2019, nígbà tí òtútù já wálẹ̀ dé −31°C ní pápákọ̀ òfuurufú O'Hare, yóò mọ̀ pé bí afẹ́fẹ́ gbígbóná kò bá fẹ́ sí gíláàsì iwájú, èémí ẹni tó ń wakọ̀ gan-an ni yóò di yìnyín mọ́ gíláàsì náà láti inú, kò sì ní rí ọ̀nà mọ́ kí ó tó dé ìpẹ̀kun àdúgbò rẹ̀. Búlówà kan náà ló ń fẹ́ afẹ́fẹ́ hítà nígbà òtútù tó sì ń fẹ́ ti AC nígbà ooru, nítorí náà bí ó bá ti dákẹ́, méjèèjì ló dákẹ́.

Mo kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ, pẹ̀lú iye owó àti àwọn àṣìṣe mi, nítorí pé ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí mo fi ṣe ohun tí kò yẹ kí ó gbà ju òpin ọ̀sẹ̀ méjì lọ, bí ó bá jẹ́ pé mo ti wọn ohun tó yẹ kí n wọ̀n lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

1. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá, nọ́ńbà 1, 2 àti 3 ti búlówà kò ṣiṣẹ́ mọ́. Nọ́ńbà 4 nìkan ló ń fẹ́. Yàtọ̀ sí èyí, nọ́ńbà 4 náà kò lágbára tó bí ó ṣe wà lọ́dún tó kọjá, afẹ́fẹ́ tó ń jáde lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni, kò gbóná, bẹ́ẹ̀ ni mo sì ń gbọ́ ìró kan láàárọ̀ tútù tó dà bí ìgbà tí ìrẹ̀ bá ń ké nínú dáṣíbọ́ọ̀dù. Mo ka gbogbo rẹ̀ sí àìsàn kan ṣoṣo. Mẹ́rin ni, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni wọ́n.

2. Rẹsísítọ̀ àkọ́kọ́

Nínú ọkọ̀ yìí, iná ń gba inú fíùsì ampere 30 (ampere ni ìwọ̀n iná tó ń ṣàn) wọ mọ́tò búlówà, ó ń ti inú mọ́tò jáde gba inú rẹsísítọ̀, ìyẹn ohun tí ń dín iná kù kí búlówà lè fẹ́ díẹ̀díẹ̀, àti súìṣì, kí ó tó dé ara ọkọ̀ níbi tí wáyà nẹ́gétíìfù dì mọ́. Wáyà mẹ́ta tí a ká bí sípíríǹgì ló wà nínú rẹsísítọ̀ náà. Bí a bá tẹ nọ́ńbà 1, iná á gba inú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní nọ́ńbà 2, á gba inú méjì. Ní nọ́ńbà 3, á gba inú ẹyọ kan. Ní nọ́ńbà 4, kò gba inú ọ̀kankan. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé bí nọ́ńbà 4 nìkan bá ń ṣiṣẹ́, rẹsísítọ̀ ni a ó kọ́kọ́ fura sí, kì í ṣe fíùsì.

Rẹsísítọ̀ náà wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ní apá ọ̀tún, nínú ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ búlówà ń gbà kọjá, kí afẹ́fẹ́ náà lè máa mú un tutù. Mo yọ wáyà nẹ́gétíìfù kúrò lórí bátìrì, mo tú síkúrù 8 mm méjì, mo sì fà á jáde. Mítà fi hàn pé iná kò lè gba inú ọ̀kankan nínú wáyà mẹ́ta náà kọjá, nítorí pé fíùsì kékeré tí wọ́n kàn mọ́ ara rẹ̀, èyí tí ooru máa ń já, ti já. Mo ra tuntun ní dọ́là 24, mo sì dì í padà láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́.

Àṣìṣe mi àkọ́kọ́ ni pé mo rí i pé sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń wọ inú rẹsísítọ̀ náà ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó dà bí èèpo iṣu tí iná rà, mo sì tì í wọlé bẹ́ẹ̀ láì bi ara mi léèrè ohun tó sun ún.

3. Ọjọ́ kẹsàn-án

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, nígbà tí mo ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, mo gbóòórùn rọ́bà tó ń jó, nọ́ńbà 1 sí 3 sì tún kú. Nígbà tí mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, sọ́kẹ́ẹ̀tì náà ti yọ́ mọ́ rẹsísítọ̀ tuntun náà débi pé pílíásì ni mo fi gé e yọ.

Mo pe bọ̀dá mi kan tí ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ́wáyà ní Ìbàdàn, mo sì ka ohun tí mo ti ṣe fún un. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, “Àbúrò, ampere mélòó ni mọ́tò yẹn ń fà?” Mo ní n kò tíì wọ̀n ọ́n. Ó ní, “Rẹsísítọ̀ kì í dédé jó. Bó o bá tún ra òmíràn láì mọ ohun tó ń pa á, òun náà á kú.” Ó fi kún un pé lọ́dọ̀ tiwọn, ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ló máa ń dí họ́òsì hítà pa nítorí pé kò sẹ́ni tó ń wá ooru nínú ọkọ̀ ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n pé àwọn máa ń rí irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ nítorí AC, pàápàá lẹ́yìn ọyẹ́, nígbà tí eruku bá ti wọ inú bẹ́árìn rẹ̀, tí mọ́tò náà sì wá ń fa iná ju bó ṣe yẹ lọ. Ìbéèrè kan yẹn ló yí iṣẹ́ náà padà.

4. Sọ́kẹ́ẹ̀tì

Kí n tó lè wọn ohunkóhun, mo ní láti fi sọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun síbẹ̀. Mo rà á pẹ̀lú wáyà tó ti wà lára rẹ̀ ní dọ́là 14. Ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀ wáyà: àwọ̀ ti tuntun yìí kò bá ti àtijọ́ mu rárá. Ipò tí wáyà kọ̀ọ̀kan wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ tẹ̀ lé. Mo ya àwòrán sọ́kẹ́ẹ̀tì àtijọ́ sínú ìwé, mo kọ àwọ̀ wáyà sí ẹ̀gbẹ́ ihò kọ̀ọ̀kan, kí n tó gé ohunkóhun.

Mo gé wáyà ọkọ̀ sẹ́yìn ní sẹ̀ǹtímítà 8, nítorí pé ibi tó sún mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì ti dúdú ó sì ti le gan-gan. Ìgbà tí mo dé ibi tí bàbà rẹ̀ ń dán ni mo tó dúró. Mo fi irin ìsopọ̀ àti pílíásì tí wọ́n fi ń fún un pa so wọ́n, mo fa ọ̀kọ̀ọ̀kan tipátipá láti mọ̀ bóyá yóò yọ, mo sì fi rọ́bà tí ooru ń sún kì bo gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rọ tí a fi ń gbẹ irun kò gbóná tó láti sún rọ́bà náà kì dáadáa. Ìbọn afẹ́fẹ́ gbígbóná tí mo fi ń bó ọ̀dà ni mo padà lò. Mo rí i dájú pé ibi ìsopọ̀ wáyà kan kò bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ti èkejì, kí wọ́n má bàa kan ara wọn bí rọ́bà kan bá ya.

5. Wíwọn ampere, pẹ̀lú àṣìṣe méjì

Mo fi mítà tí mo ní sáàárín ọ̀nà iná búlówà, mo tẹ nọ́ńbà 4, mítà náà sì kú lójú ẹsẹ̀. Ampere 10 ni ó lè gbà, ohun tí mo kọ sí i lọ́rùn jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po méjì. Fíùsì inú rẹ̀ ná mi ní dọ́là 6.

Mo wá ra mítà tí ń fi ẹnu gbá wáyà mú láti ìta, kí n má bàa gé nǹkan kan. Ó ka 0.0. Mo rò pé mo dì í mú lọ́nà tí kò tọ́, mo lo wákàtí kan lórí rẹ̀ kí n tó ka ìwé rẹ̀: iná AC ilé (AC ti iná tó ń lọ tó ń bọ̀, kì í ṣe AC amúlétutù) nìkan ló lè wọ̀n, iná DC ti bátìrì, tó ń ṣàn sí ọ̀nà kan ṣoṣo, kò hàn sí i rárá. Mo dá a padà, mo sì ra èyí tó ń ka DC ní dọ́là 48. Ẹ ṣọ́ra fún èyí nígbà tí ẹ bá ń rà á, nítorí pé àwòrán àwọn méjèèjì jọra. Ẹ tẹ bọ́tìnnì tí ń dá a padà sí òdo kí ẹ tó fi gbá wáyà mú, ẹyọ wáyà kan ṣoṣo ni kí ó sì wà lẹ́nu rẹ̀.

Mo ra rẹsísítọ̀ kejì, dọ́là 24 mìíràn, mo sì jẹ́ kí búlówà ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú kan péré lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí ó má bàa tún jó. Nọ́ńbà 4 ń fa ampere 23.6. Nọ́ńbà 3 ń fa 15.2.

Wáyà rẹsísítọ̀ tí nọ́ńbà 3 ń gbà jẹ́ ohm 0.4 (ohm ni ìwọ̀n bí nǹkan ṣe ń dí iná lọ́wọ́). Ooru tó ń jáde lára rẹ̀ jẹ́ ampere náà ní ìlọ́po ara rẹ̀, kí a tún sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ohm yẹn: 15.2 lọ́nà 15.2 lọ́nà 0.4 jẹ́ watt 92. Mo fi í wé irin tí a fi ń jó ìdè wáyà, tí tèmi jẹ́ watt 60, mo sì rí ìdí tí sọ́kẹ́ẹ̀tì ike kò fi lè fara dà á.

6. Mọ́tò

Síkúrù 8 mm mẹ́rin ló di mọ́tò mú mọ́ ògiri irin tó pààlà sáàárín ẹ́ńjìnnì àti ibi ìjókòó. Mẹ́ta yọ wẹ́rẹ́. Ẹ̀kẹrin ti dípẹtà, mo sì fi ipá jẹ orí rẹ̀. Òróró tí ń tú ìpẹtà tí mo fi sí i mọ́jú ló jẹ́ kí pílíásì lè yí i lọ́jọ́ kejì. Ẹ kíyè sí họ́òsì rọ́bà kékeré kan tó ń gbé afẹ́fẹ́ tútù wọ ìdí mọ́tò náà. Bí ẹ bá gbàgbé láti dá a padà, mọ́tò tuntun yóò gbóná jù, kò sì ní pẹ́.

Ewé gbígbẹ, èso igi àti fóòmù ìjókòó tí eku ti gé wẹ́lẹwẹ̀lẹ ló kún ilé búlówà náà. Ihò afẹ́fẹ́ tó wà lábẹ́ wáípà ni wọ́n gbà wọlé, nítorí pé ọkọ̀ yìí kò ní àsẹ́ afẹ́fẹ́ kankan fún ibi ìjókòó. Ìgbẹ́ eku lè kó àìsàn líle ran ẹ̀dọ̀fóró, nítorí náà mo wọ ìbọ̀wọ́ àti ìbomú, mo fi omi tí mo po bílíìṣì mọ́ rin ín gbingbin kí n tó fi aṣọ kó o, n kò sì gbá a ní gbígbẹ. Ìdọ̀tí yìí ní ẹ̀bi tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà: ó dí afẹ́fẹ́ tó yẹ kí ó máa mú rẹsísítọ̀ tutù.

Mo fi ọwọ́ yí mọ́tò náà. Ó yẹ kí ó yí fàlàlà fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó dúró. Èyí kò yí ju ìdajì lọ. Mo gbìyànjú láti fi owó pamọ́, mo kán òróró sí ẹnu bẹ́árìn rẹ̀. Ìró ìrẹ̀ yẹn dákẹ́, inú mi sì dùn títí mo fi tún wọ̀n ọ́n: ampere 22.1. Etí mi ti gbà pé ó ti sàn, mítà kò gbà. Mo ra mọ́tò tuntun ní dọ́là 67.

Mọ́tò náà kò bá abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wá, nítorí náà mo yọ ti àtijọ́, mo fọ̀ ọ́, mo sì tì í mọ́ ọn. Mo tì í wọlé jù, ó ń ha ògiri ilé rẹ̀, mo ní láti tú gbogbo rẹ̀ padà láti fà á síta ní mìlímítà 3. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ ló yẹ kí n ti wọn ibi tí ó dúró sí lórí ọ̀pá mọ́tò àtijọ́.

Nígbà tí mo parí, nọ́ńbà 4 ń fa ampere 16.1, nọ́ńbà 3 ń fa 10.4. Ooru tí rẹsísítọ̀ ń gbé ní nọ́ńbà 3 ti já sí watt 43, kò tó ìdajì ti tẹ́lẹ̀.

7. Wáyà nẹ́gétíìfù

Síbẹ̀, afẹ́fẹ́ nọ́ńbà 4 kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹ́ńjìnnì wà lórí iná, volt 14.1 wà lórí bátìrì, ṣùgbọ́n 12.2 péré ló ń dé ẹnu mọ́tò. Mo gbé ọ̀pá dúdú mítà lé nẹ́gétíìfù bátìrì, mo fi pupa kan wáyà tó ti ẹ̀yìn súìṣì lọ sí ara ọkọ̀, nígbà tí búlówà ń ṣiṣẹ́ ní nọ́ńbà 4. Mo rí volt 1.4, níbi tí kò yẹ kí n rí ju 0.2 lọ.

Mo tẹ̀ lé wáyà náà títí dé ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ èrò ọwọ́ ọ̀tún, lẹ́yìn ike tó bo ògiri ibẹ̀. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì ní Chicago láti yọ́ yìnyín ń bá bàtà wọlé. Omi iyọ̀ yẹn ti jẹ irin òrùka wáyà náà di funfun àti àwọ̀ ewé. Mo fi pépà tí a fi ń ha igi ha òrùka náà àti ara irin ọkọ̀ títí wọ́n fi dán, mo dè é padà pẹ̀lú wáṣà eléyín, mo sì fi gírísì bò ó. Volt 1.4 di 0.09, mọ́tò sì ń rí 13.5. Ampere nọ́ńbà 4 gòkè díẹ̀ sí 17.3, èyí kò sì dẹ́rù bà mí, nítorí pé volt tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló pọ̀ sí i.

8. Ooru

Afẹ́fẹ́ ti wá ń fẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n 31°C péré ni ohun tó ń jáde. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná tán, mo fi ẹ̀rọ tí ń wo ooru láti òkèèrè wo họ́òsì méjèèjì tó wọ inú ọkọ̀ lọ bá radiétọ̀ kékeré ti hítà, tí omi gbígbóná láti ẹ́ńjìnnì ń gbà kọjá. Èyí tó ń wọlé jẹ́ 84°C, èyí tó ń jáde jẹ́ 46°C. Ìyàtọ̀ tó tóbi tó báyìí túmọ̀ sí pé omi kò rìn dáadáa nínú radiétọ̀ náà, ìdọ̀tí ti dí i. Bí méjèèjì bá tutù ni ẹ̀bi ì bá wà lọ́dọ̀ tẹmọ́sítáàtì (ohun tí ń ṣàkóso ooru omi ẹ́ńjìnnì) tàbí kúláǹtì (omi ẹ́ńjìnnì náà) tó ti lọ sílẹ̀.

Mo jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi pílíásì fa họ́òsì, mo sì rí i pé ẹnu radiétọ̀ náà, tó rọ̀ púpọ̀, ń tẹ̀ lọ pẹ̀lú rẹ̀. Mo dáwọ́ dúró, mo fi ọ̀bẹ la họ́òsì náà ní gígùn, ó sì ṣí fúnra rẹ̀; họ́òsì gùn tó láti gé sẹ̀ǹtímítà méjì nínú rẹ̀ kí n sì dè é padà. Bí ẹnu yẹn bá ṣẹ́, gbogbo dáṣíbọ́ọ̀dù ni a ó tú.

Ẹ̀rọ omi ìta ilé ti di yìnyín ní àkókò yẹn, nítorí náà mo fa họ́òsì gígùn láti ẹnu ẹ̀rọ ibi ìfọṣọ ní ìsàlẹ̀ ilé wọ inú gáréèjì. Mo kọ́kọ́ fi omi sí i láti ẹnu tí omi ń gbà jáde, díẹ̀díẹ̀, láì ṣí i gbùà. Omi tó jáde pọ́n bí omi ẹrẹ̀. Mo yí i padà, mo tún yí i padà, títí tí ó fi mọ́ gaara, ó sì gba nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú. Mo fi bàsíà gba gbogbo kúláǹtì àtijọ́, nítorí pé ó dùn lẹ́nu ajá, ó sì jẹ́ májèlé.

Omi lásán kò gbọdọ̀ kù sínú radiétọ̀ náà ní irú òtútù yìí, torí yóò dì, yóò sì bẹ́ ẹ. Mo fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i títí tí omi fi tán, mo sì fi kúláǹtì tuntun rọ́pò, ìdajì kúláǹtì sí ìdajì omi tí a sẹ́, èyí tí kò ní dì títí òtútù yóò fi dé nǹkan bí −37°C. Mo ṣí ìdérí radiétọ̀ ńlá nígbà tí ó ṣì tutù, mo tan ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú hítà ní ibi tó gbóná jù, mo sì ń bù ú kún títí tí afẹ́fẹ́ fi dẹ́kun láti máa yọ bí ìfófòó. Kúláǹtì àti kíláàmù họ́òsì ná mi ní dọ́là 18. Họ́òsì tó ń jáde wá di 73°C, afẹ́fẹ́ ojú dáṣíbọ́ọ̀dù sì di 59°C.

9. Owó, àti AC nígbà tó di oṣù kẹfà

Pẹ̀lú rọ́bà àti irin ìsopọ̀ wáyà tó jẹ́ dọ́là 9, gbogbo rẹ̀ jẹ́ dọ́là 210. Nínú rẹ̀, 30 ni mo fi ṣòfò: rẹsísítọ̀ àkọ́kọ́ àti fíùsì mítà. Mítà DC wà lọ́wọ́ mi títí di òní, mo sì ti fi yẹ ọkọ̀ àwọn ẹlòmíràn wò.

Ní oṣù kẹfà, nígbà tí ooru ìta dé 30°C, mo tan AC fún ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ yìí. Nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń ṣiṣẹ́, sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹsísítọ̀ kò gbóná ju ohun tí ọwọ́ lè gbà lọ, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú omi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn sí ẹsẹ̀ èrò. Ọkàn mi já. Mo rò pé radiétọ̀ hítà ti bẹ́. Mo fi ìka kàn án, mo gbóòórùn rẹ̀: kò yọ̀, kò sì rùn bí kúláǹtì. Omi tí AC ń fà jáde láti inú afẹ́fẹ́ ni, ihò tó yẹ kí ó gbà jáde sábẹ́ ọkọ̀ ló sì dí, pẹ̀lú ewé kan náà tí mo bá nínú búlówà. Mo ti wáyà rírọ̀ bọ inú ihò náà láti ìsàlẹ̀, mo rọra yí i, ìdọ̀tí dúdú kan já bọ́, omi bíi kọ́ọ̀bù méjì sì tẹ̀ lé e. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde lójú dáṣíbọ́ọ̀dù jẹ́ 9°C ní nọ́ńbà 3, omi sì ń kán tó, tó, tó sórí kọnkéré lábẹ́ ọkọ̀, níbi tó yẹ kí ó máa kán sí.